Orúkọ tí a Yá Jẹ́: Àyẹ̀wò Fíìmù Battling Butler ti Buster Keaton

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí fi hàn pé ojú pàtàkì ni Yorùbá fi ń wo orúkọ. Orúkọ a máa sọ ibi tí ọmọ ti wá, a máa sọ ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó yí ìbí rẹ̀ ká, a sì máa sọ ohun tí àwọn òbí rẹ̀ ń fẹ́ kí ó dà. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó bá ń jẹ iyì tí ẹlòmíràn fi òógùn ojú ara rẹ̀ kó sínú orúkọ? Ìbéèrè yìí ni ó wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀rín tí ó kún inú fíìmù Battling Butler.

Ọdún 1926 ni fíìmù yìí jáde ní Amẹ́ríkà. Buster Keaton ni ó darí rẹ̀, òun kan náà ni ó sì ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn inú rẹ̀. Fíìmù aláìlóhùn ni. Ìṣesí àwọn òṣèré àti àkọsílẹ̀ ṣókí tí ó ń jáde lójú àwòrán ni a fi ń mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Inú eré olórin orí ìtàgé kan tí wọ́n ṣe ní ìlú London ní ọdún 1922, tí wọ́n sì gbé lọ sí New York ní ọdún 1923, ni wọ́n ti mú ìtàn rẹ̀.

Bí a bá fi ojú lásán wo fíìmù yìí, ọ̀kan ni nínú àwọn eré apanilẹ́rìn-ín tí aláìlágbára ti ń di akọni lójijì. Irú eré bẹ́ẹ̀ pọ̀, àwọn òǹwòran kì í sì í sú wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó fínnífínní, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ gbèsè ni ó wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan jẹ gbèsè orúkọ. Ìgbẹ̀yìn eré náà ni ó sì tó san án. Ojú yìí ni a ó fi ṣe lámèyítọ́ fíìmù náà, pàápàá jù lọ ìjà ìkẹyìn rẹ̀ tí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín.

Àhunpọ̀ ìtàn

Alfred Butler ni ọmọ olówó. Àkẹ́jù ti bà á jẹ́ débi pé ìránṣẹ́ rẹ̀ ni í fi sìgá sí i lẹ́nu, tí í ṣáná sí i, tí í sì í bá a gbọn eérú rẹ̀ nù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú bàbá rẹ̀, ó ní kí ọmọ náà lọ sí orí òkè, kí ó lọ gbé inú àgọ́, kí ó máa dọdẹ, kí ó máa pẹja, bóyá yóò di ọkùnrin. Alfred yíjú sí ìránṣẹ́ rẹ̀, ó ní kí ó bá òun ṣètò rẹ̀. Gbólóhùn yìí ni yóò máa padà wá léraléra nínú eré náà, bí ègbè orin. Ìránṣẹ́ ṣètò àgọ́ tí ibùsùn àti ohun ìwẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìyà tí bàbá ní kí ọmọ lọ jẹ ti di ìgbádùn.

Lórí òkè náà ni Alfred ti pàdé ọmọbìnrin kan, ìfẹ́ sì wọ inú ọ̀rọ̀ wọn. Ìgbà tí ó fẹ́ gbé e níyàwó, kò lọ fúnra rẹ̀. Ó tún ní kí ìránṣẹ́ bá òun ṣètò rẹ̀. Bàbá àti ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin náà, àwọn òmìrán méjì, kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ọ̀lẹ tí kò ní í lè dáàbò bo ara rẹ̀, áńbọ̀sì kí ó dáàbò bo aya. Ìránṣẹ́ ti rí i nínú ìwé ìròyìn pé oníjà ẹ̀ṣẹ́ kan wà tí òun náà ń jẹ́ Alfred Butler, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Battling Butler, èyí tí ó túmọ̀ sí Butler Oníjà. Ó wá sọ fún wọn pé oníjà yìí gan-an ni ọ̀gá òun. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni wọ́n gbà.

Alfred àti ìránṣẹ́ rẹ̀ lọ wo ìjà tí oníjà náà fẹ́ fi gba oyè àwọn tí ara wọn fúyẹ́. Àdúrà wọn ni pé kí ó pàdánù, kí orúkọ rẹ̀ lè parẹ́, kí irọ́ náà sì bá a kú. Ṣùgbọ́n Butler Oníjà borí, ó gba oyè. Bí Alfred ti padà sí abúlé orí òkè, ìlù àti fèrè ni wọ́n fi pàdé rẹ̀, wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Láti ìgbà náà ni irọ́ ti ń bí irọ́. Ó ní láti fi ìyàwó sílẹ̀ bí ẹni tí ó ń lọ múra ìjà. Ìyàwó tẹ̀ lé e lọ sí ibi ìgbaradì. Ojúlówó oníjà bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí i nítorí ìyàwó tirẹ̀, ó sì pinnu láti fìyà jẹ ẹ́. Wọ́n mú Alfred sọ́dọ̀ olùkọ́ni, wọ́n ní òun ni yóò bá akọni kan tí wọ́n fi Apànìyàn Alabama ṣe ìnagijẹ rẹ̀ jà.

Ní alẹ́ ọjọ́ ìjà, Alfred jókòó sínú yàrá ìmúra, jìnnìjìnnì bò ó. Lẹ́yìn èyí ni ó mọ̀ pé ẹ̀tàn ni. Ojúlówó Butler ti lọ jà, ó sì ti borí. Inú rẹ̀ dùn pé ewu ti fò ó. Àṣé ewu náà ń bọ̀ wá bá a nínú yàrá.

Orúkọ kan, ẹni méjì

Ohun kan yẹ kí ó jọ lámèyítọ́ lójú nínú ìfìwàwẹ̀dá fíìmù yìí. Bí a bá ka àtòjọ àwọn òṣèré, a ó rí i pé Butler nìkan ni orúkọ ènìyàn tí ó wà níbẹ̀. Sally O'Neil ni ó ṣe ọmọbìnrin orí òkè, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì pè é. Kò ní orúkọ mìíràn. Snitz Edwards ni ó ṣe ìránṣẹ́. Ìránṣẹ́ náà ni orúkọ rẹ̀. Bàbá ni bàbá, ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n, olùkọ́ni ni olùkọ́ni. Nínú ayé tí ó kún fún ènìyàn báyìí, orúkọ kan ṣoṣo ni ó wà, ẹni méjì ni ó sì ń du ú. Bóyá ó jẹ́ àmọ̀ọ́mọ̀ṣe, bóyá àṣà àwọn fíìmù apanilẹ́rìn-ín ìgbà náà ni, ohun tí ó dá sílẹ̀ nínú ìtàn hàn gbangba: orúkọ ti di ohun ìní bí ilẹ̀, ìjà ilẹ̀ kò sì í tán bọ̀rọ̀.

Alfred kò jí orúkọ. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni Alfred Butler, kò sì sí ẹni tí ó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ni Oníjà tí ó wà níwájú rẹ̀. Yorùbá mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Orúkọ àbísọ ni òbí fún ni. Ìnagijẹ ni ènìyàn fi ìwà tàbí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gbà láwùjọ. Nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, irú ìnagijẹ bẹ́ẹ̀ lágbára púpọ̀. Dick Tiger, tí ó bá Gene Fullmer jà fún oyè àgbáyé ní pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn ní oṣù kẹjọ ọdún 1963, Richard Ihetu ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Hogan Bassey, tí ó gba oyè àgbáyé ní ọdún 1957, Okon Bassey Asuquo ni wọ́n sọ ọ́ nílé. Ojú ìjà ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti ń di ńlá. Ẹ̀jẹ̀ imú àti egungun ìhà ni owó tí wọ́n fi ń rà á.

Nítorí náà, ẹ̀ṣẹ̀ Alfred ni pé ó wọ ẹ̀wù ìnagijẹ tí kò ra. Òwe Yorùbá kan ní ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni í bá ni mu. Fíìmù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fi òwe yìí ṣe àwòrán. Ní ibi ìgbaradì, Alfred kò tilẹ̀ mọ bí a ti ń gba àárín okùn wọ ojú ìjà. Okùn náà lọ́ mọ́ ọn lára, ó dà bí ẹja inú àwọ̀n. Ìbọ̀wọ́ tí wọ́n kì sí i lọ́wọ́ àti ṣòkòtò péńpé tí wọ́n wọ̀ fún un jẹ́ aṣọ ẹlòmíràn lára rẹ̀. Òǹwòran rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yìí lè kú.

Ẹ̀rín àti ìbẹ̀rù

Keaton, tí a bí ní ọdún 1895, ti wà lórí ìtàgé pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀ láti kékeré, níbi tí bàbá rẹ̀ ti máa ń gbé e jù síhìn-ín sọ́hùn-ún láti fi pa àwọn òǹwòran lẹ́rìn-ín. Bóyá níbẹ̀ ni ó ti kọ́ pé ẹni tí ó bá fẹ́ pa ènìyàn lẹ́rìn-ín kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀. Ojú tí kì í rẹ́rìn-ín ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Nínú fíìmù yìí, ojú náà ní iṣẹ́ méjì. Ní ìdajì àkọ́kọ́, ó jẹ́ ojú ọmọ tí a ti ṣe gbogbo nǹkan fún, tí kò tí ì sí ohun kan tí ó kàn án lára. Àwọn ẹran ìgbẹ́ ń kọjá lọ́tùn-ún lósì rẹ̀, ó sì ń wá ẹran kiri pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi láti yìnbọn fún pẹ́pẹ́yẹ kan. Ọkọ̀ rì, pẹ́pẹ́yẹ lọ ní tirẹ̀. Ní ìdajì kejì, ojú kan náà ni, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ti wọ ibẹ̀. Òṣèré tí ó lè yí ìtumọ̀ ojú rẹ̀ padà láìyí ojú náà padà ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ dé góńgó.

Ibi tí èyí ti hàn jù ni ẹ̀yìn ìjà oyè. Butler Oníjà ti borí, ariwo ti rọlẹ̀, gbogbo ènìyàn ti lọ sílé. Alfred àti ìránṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni ó kù lórí àga láàárín gbọ̀ngàn ńlá tí ó ṣófo. Wọn kò sọ̀rọ̀, wọn kò mira. Ìṣẹ́gun tí ẹlòmíràn ń jó sí ti di ọ̀fọ̀ tiwọn. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín ni Yorùbá ń pe irú èyí, fíìmù náà kò sì ní àwòrán tí ó sọ ìtàn rẹ̀ dára ju èyí lọ.

Ìjà inú yàrá

Nínú eré orí ìtàgé, olú ẹ̀dá-ìtàn kò jà rárá. Bí ó ti mọ̀ pé ewu ti kọjá ni ọ̀rọ̀ parí. Keaton kò gba ìyẹn. Ó sọ nígbà tí ó yá pé kò tọ́ kí a ti ìbẹ̀rẹ̀ eré ṣèlérí ìjà fún àwọn òǹwòran kí a má sì fún wọn. Nítorí náà ni ó ṣe fi ìjà inú yàrá kún un.

Ìjà náà kò rí bí àwọn tí ó ti ṣáájú. Ojúlówó Butler wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu Alfred. Kò sí okùn tí yóò lọ́ mọ́ni, kò sí àwàdà kankan. Lílù ni, lílù gidi, ní àyè tóóró tí kò sí ibi àsálà. Alfred ń sá, ó ń fi ọwọ́ bojú. Nígbà tí ó gbójú sókè, ó rí ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tí ó ń wò ó. Níbẹ̀ ni nǹkan kan já nínú rẹ̀. Ó yíjú padà sí olóyè, ó sì lù ú títí ó fi ṣubú, bí ewúrẹ́ tí a lé kan ògiri.

Ẹnì kan lè sọ pé ìjà yìí ba àwàdà jẹ́, pé ó dà bí ẹni pé wọ́n gé e láti inú fíìmù mìíràn wá. Òótọ́ ni pé ohùn eré yí padà lójijì. Ṣùgbọ́n bí a bá rántí pé orúkọ ni a ń jà lé lórí, a ó rí i pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Láti ìbẹ̀rẹ̀, ìránṣẹ́ ni ó ń ṣètò gbogbo nǹkan: àgọ́, oúnjẹ, ìfẹ́ àti irọ́. Ìyà nìkan ni ìránṣẹ́ kò lè bá ọ̀gá rẹ̀ ṣètò. Ẹ̀ṣẹ́ tí ó ń bà lára Alfred ni ohun àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ tirẹ̀ gan-an nínú fíìmù náà. Bí ẹ̀ṣẹ́ náà bá jẹ́ ti àwàdà, gbèsè kò ní í san. Kò yani lẹ́nu pé Martin Scorsese, tí ó darí Raging Bull ní ọdún 1980, fíìmù kan tí kò ní ẹ̀rín rárá, yin ojú tí Keaton fi wo ẹ̀ṣẹ́ kíkàn.

Battling Butler láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀

Bí a bá fi fíìmù yìí wé àwọn mìíràn tí ó jọ ọ́, ọ̀nà tirẹ̀ yóò túbọ̀ hàn. Nínú The Champion (1915), Charlie Chaplin fi irin ẹsẹ̀ ẹṣin sínú ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kí ó tó lè borí, ajá rẹ̀ sì bá a jà lọ́jọ́ ìjà ńlá. Ọgbọ́n àrékérekè ni ó gba aláìlágbára níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bi í léèrè. Nínú City Lights (1931), Chaplin kan náà wọ ojú ìjà nítorí owó tí ó fẹ́ fi ran ọmọbìnrin afọ́jú kan lọ́wọ́. Ó ń sá pamọ́ sí ẹ̀yìn adájọ́, ó sì pàdánù nígbẹ̀yìn. Nínú The Milky Way (1936), Harold Lloyd ṣe ẹni tí ó ń pín wàrà láti ilé dé ilé. Àwọn ẹlòmíràn sọ ọ́ di olókìkí pẹ̀lú ìjà tí wọ́n ti fowó ra àbájáde rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀.

Àrékérekè gba ẹni kìn-ín-ní là, ìfẹ́ sọ ìpàdánù ẹni kejì di iyì, àìmọ̀ sì jẹ́ àwíjàre fún ẹni kẹta. Alfred kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò gbọ́n, ìfẹ́ rẹ̀ gan-an ni ó fi bo irọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì mọ ohun tí ó ń ṣe. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi kan ìwà ọmọlúàbí ju tàwọn yòókù lọ.

Àléébù

Fíìmù náà kò ṣàìní àléébù. Lẹ́yìn tí Alfred ti lu olóyè tán, ó jẹ́wọ́ fún ìyàwó rẹ̀ pé irọ́ ni òun pa, pé òun kọ́ ni Butler Oníjà. Ìyàwó fèsì pé inú òun dùn pé kì í ṣe òun. Èsì yìí jinlẹ̀ ju bí fíìmù náà ti mọ̀ lọ. Ó fi hàn pé ọmọbìnrin náà kò fìgbà kan béèrè akọni. Bàbá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó béèrè. Gbogbo irọ́ náà, gbogbo ìbẹ̀rù náà, lásán ni. Bí Alfred bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ lórí òkè, bóyá ìbá ti mọ̀. Ṣùgbọ́n fíìmù náà kò dúró níbẹ̀. Bí ó ti gbọ́ èsì náà ni ó ń yára lọ sí òpin rẹ̀. Ẹni tí kò lórúkọ nínú ìtàn ni ó sọ òtítọ́ tí ó tóbi jù, wọn kò sì fún un láyè láti sọ ọ́ délẹ̀.

Èkejì ni àkókò ìjẹ́wọ́ náà. Alfred jẹ́wọ́ lẹ́yìn tí ó ti borí. Ìjẹ́wọ́ tí a ṣe lórí ìṣẹ́gun kò náni ní ohun kan. Ẹni tí ó ti lu olóyè mọ́lẹ̀ lè sọ pé òun kì í ṣe olóyè, ẹ̀rín ni yóò sì fi sọ ọ́. Bí ó bá ti jẹ́wọ́ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì wú, tí ọwọ́ rẹ̀ kò tí ì ká ẹnikẹ́ni, ìgboyà ìyẹn ìbá ju ti ẹ̀ṣẹ́ lọ. Fíìmù náà gbà pé ọkùnrin gbọ́dọ̀ lágbára kí òtítọ́ rẹ̀ tó níyì. Ọwọ́ bàbá àti ẹ̀gbọ́n orí òkè ni èrò yìí ti wá. Ó sì ṣeni láàánú pé wọn kò sí nínú yàrá náà, síbẹ̀ tiwọn ni ó borí.

Àgbálọgbábọ̀

Àwòrán ìkẹyìn fíìmù náà ni Alfred tí ó ń rìn lọ ní ìgboro lálẹ́ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Akẹtẹ̀ gíga àwọn ọlọ́lá wà lórí rẹ̀, ọ̀pá ọ̀ṣọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ṣòkòtò péńpé oníjà ni ó wọ̀, ara rẹ̀ sì wà ní ìhòòhò láti ìdí sókè. Àwọn ènìyàn ń wò ó, kò sì bìkítà. Ọmọ olówó wà lókè, oníjà wà nísàlẹ̀; àwọn méjèèjì ń rìn pọ̀ nínú ara kan ṣoṣo.

Àwòrán yìí pani lẹ́rìn-ín, ó sì ń dáhùn ìbéèrè tí ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Alfred kò gba orúkọ Oníjà, kò sì padà di ọmọ tí wọ́n ń gbọn eérú sìgá nù fún. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sí ìránṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ohun tí fíìmù yìí fi kún òwe náà ni pé lọ́jọ́ tí òtítọ́ bá bá irọ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nílé tí yóò ṣílẹ̀kùn fún un. Alfred wà nílé lọ́jọ́ náà, ó ṣílẹ̀kùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kí ó tó ṣí i. Alfred Butler ni ó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, Alfred Butler náà ni ó ń jẹ́ nígbà tí fíìmù parí. Ilé tí wọn ì bá wò kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ ni kò tí ì sí nígbà tí ìtàn bẹ̀rẹ̀. Inú yàrá tóóró yẹn ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ.